Gèlè Pupa Ìyá Wa

Òórùn ọ̀dà funfun gba imú mi ní ibi ìgbọ́kọ̀sí kan ní Súrùlérè láàárọ̀ yìí. Ẹ̀gbọ́n mi Múfú ni ǹ bá sọ fún, àmọ́ a ti sin wọ́n.

Nígbà tí a wà lọ́mọdé, ní ilé ìtajà kan ní Yábàá, bàbá wa ń tún ìlà tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí kùn. Ọ̀gá ibẹ̀ ti kìlọ̀ pé bí ìlà bá tún wọ́, òun á gbéṣẹ́ fún ẹlòmíì. Èmi àti Ẹ̀gbọ́n Múfú jókòó sábẹ́ ibòji. Ìyá wa wé gèlè pupa, wọ́n lọ dúró síbi tí ìlà máa parí sí. Bàbá wa wá ń kùn ún bọ̀ sọ́dọ̀ wọn, wọn ò wolẹ̀ rárá.

Sùlè aṣọ́géètì pariwo: "Bàbá Múfú, ṣé ilẹ̀ lẹ̀ ń kùn ni, àbí ìyàwó lẹ̀ ń wò?"

Ìyá wa ní: "Èmi ni mo ní kí wọ́n máa wò mí. Ìwọ ńkọ́, ta ló ń wò ọ́?"

A rẹ́rìn-ín títí. Ojú bàbá wa ti ń ṣe bàìbàì nígbà náà, gèlè pupa yẹn ni wọ́n ń rí.

Ọ̀gá dé, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó dijú kan wo ìlà náà. "Ó gún. Ẹ máa bá a lọ."

Ìyá wa sún síbi ìlà tó kàn. "Mo ti dúró o, Bàbá Múfú."