Pátákó Sòbìà ní Dùgbẹ̀

Nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́, kò sí ẹni tó lè sọ fún mi pé ẹnìkan mọ àwòrán yà jù mí lọ ní gbogbo Dùgbẹ̀. Èmi ni mò ń kọ pátákó fún àwọn télọ̀ àti onígbàjámọ̀, èmi ni mò ń ya kìnnìún sẹ́yìn bọ́lẹ̀kájà. Bí oníbàárà bá ní imú kìnnìún òun wọ́, a máa jà ni.

Ìyá kékeré mi, àbúrò ìyá tó bí mi, ló sọ mí di oníjà gidi. Abà kan lẹ́yìn Àpáta ni wọ́n ń gbé, adágún omi kan ṣoṣo ni gbogbo abà sì ń mu. Ní ẹ̀ẹ̀rùn ọdún tí àwọn sójà ṣẹ̀ṣẹ̀ tún gbàjọba, mo lọ kí wọn, mo bá wọn lórí ẹní. Sòbìà méjì ló ń yọ lẹ́sẹ̀ wọn, wọ́n ń fi igi ìṣáná ká a jáde díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́. Iṣu wà nínú oko, kò sẹ́ni tó lè wà á, nítorí bí ilé kan ṣe ń kérora ni èkejì ń kérora.

Inú bí mi. Mo gba ọ́fíìsì ìlera lọ, mo ní inú omi adágún yẹn ni sòbìà ti ń wá, kí wọ́n wá gbẹ́ kànga fún wa. Ọ̀gá ibẹ̀, ọkùnrin kan tí kò fi bẹ́ẹ̀ jù mí lọ, rẹ́rìn-ín.

"Sòbìà kẹ̀? Ọ̀rọ̀ ayé àtijọ́ nìyẹn, ọ̀gbẹ́ni. Kò sí sòbìà nítòsí Ìbàdàn mọ́. Ẹ̀rí dà?"

Ẹ̀rí! Èmi tí mò ń fi ọ̀dà jẹun! Mo padà sí abà, mo bẹ ìyá kékeré mi kí wọ́n jẹ́ kí n ya ẹsẹ̀ wọn. Ojú ń tì wọ́n. Nígbà tó yá, wọ́n ní, "Ó dáa, yà á. Ṣùgbọ́n má ya ojú mi o."

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi yà á sára pátákó ńlá. Ẹsẹ̀ náà wú, ó ń dán, kòkòrò funfun ń yọ lọ́rùn ẹsẹ̀. Mo fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé SÒBÌÀ Ń JÀ WÁ, mo gbé e síwájú ṣọ́ọ̀bù. Mo rò pé gbogbo ìlú máa dìde tẹ̀lé mi lọ sí ọ́fíìsì yẹn ni.

Nígbà tí mo dé ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo bá èèyàn méje níbẹ̀. Àwọn kan ń tiro, àwọn kan fi àkísà di ẹsẹ̀.

Obìnrin kan ní, "Ẹ káàárọ̀ o, olóògùn. Èmi ni mo kọ́kọ́ dé."

Mo wò wọ́n, mo wo pátákó mi, ó wá yé mi. Ní Ìbàdàn, ta ló ń ya ẹsẹ̀ tó ń dunni síta bí kò ṣe oníṣègùn? Èmi fúnra mi ti ya egbò àti jẹ̀díjẹ̀dí fún wọn láìmọye ìgbà! Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, bẹ́ǹṣì ti kún, àwọn tó kù jókòó sórí táyà.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, mi ò ní oògùn. Àwòrán lásán ni."

Bàbá àgbàlagbà kan na ọ̀pá sí mi. "Àwòrán lásán? Ẹsẹ̀ yìí náà ni mo fi rìn láti Àpáta!"

Ó yẹ kí ojú tì mí, ó sì tì mí. Ṣùgbọ́n mi ò ní purọ́, inú mi ń dùn. Àwọn tí ọ̀gá yẹn ní kò sí, àwọn ló jókòó síwájú mi yìí! Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Bàbá, ẹ forí jì mí. Ẹ má tíì lọ. Ẹ jẹ́ kí n pe ẹni tó yẹ kó rí yín wá."

Mo wọ takisí lọ sí ọ́fíìsì ìlera. N kò kanlẹ̀kùn kí n tó wọlé. "Sà, ẹ̀rí ti dé o! Ẹ wá wò ó ní Dùgbẹ̀."

Ọ̀gá náà fi mọ́tò rẹ̀ gbé mi padà, mo sì ń ro bó ṣe máa yin àwòrán mi. Kò tiẹ̀ wò ó! Ó kẹ̀yìn sí i, ó fi ṣòkòtò funfun kúnlẹ̀ nínú eruku, ó gbé ẹsẹ̀ bàbá yẹn lé itan rẹ̀.

Ó ní, "Bàbá, níbo lẹ ti ń pọnmi?"

Bó ṣe bi gbogbo wọn nìyẹn, tó ń kọ orúkọ abà kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Nígbà tó kan èmi náà, mo dárúkọ tiwa.

Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, kànga ti wà lábà wa. Ẹ̀ẹ̀rùn méjì lẹ́yìn ìyẹn, kò sẹ́ni tó dùbúlẹ̀ níbẹ̀ mọ́, ìyá kékeré mi sì fúnra wọn ru iṣu wá sí Dùgbẹ̀. Wọ́n dúró síwájú pátákó náà títí. Mò ń retí ìyìn.

Wọ́n ní, "Pa á rẹ́."

"Ẹ̀n-ẹ́n? Àwọn abà tó kù ńkọ́?"

"Ẹni tó bá kàn, bẹ òun náà kó jẹ́ kí o ya tiẹ̀. Tèmi ti tán. Fún mi lẹ́sẹ̀ mi padà, ọmọ mi."

N kò ya ohun tó dára tó àwòrán yẹn rí, títí di òní. Mo ṣí ọ̀dà funfun, mo sì kùn ún láti orúnkún dé ọmọ ìka, wọ́n dúró tì mí títí mo fi parí.