Àwọn Oníwo Méjìlá

Ọmọ ogún ọdún ni Ọláfimíhàn nígbà tó kọ́kọ́ to dẹ́ẹ̀kì. Lónìí ó ti pé ọdún mọ́kànlélógójì, ewú ti wọ irùngbọ̀n rẹ̀, inú yàrá kan náà ní Ṣógúnlé ló ṣì ń gbé pẹ̀lú ìyá rẹ̀, dẹ́ẹ̀kì náà ló sì ṣì ń tò. Tí ẹ bá bi í pé kí ló wá fi gbogbo ọdún wọ̀nyẹn ṣe, á wolẹ̀, á ní, "Mo to káàdì." Òótọ́ ni. Àmọ́ òótọ́ yẹn ò ṣeé sọ níwájú ẹni tó bá fẹ́ fún un lọ́mọ fẹ́.

Kì í ṣe wọ́ọ̀tì o, kì í sì í ṣe èyí tí àwọn kan fi ń ta tẹ́tẹ́ lábẹ́ bíríìjì Òṣòdì. Eré òyìnbó kan ni, Ajagun là ń pè é lágbègbè wa. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún káàdì ló wà nínú rẹ̀, àwòrán abàmì sì wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan: ẹyẹ olórí méjì, ọba tó fi iná ṣe aṣọ, ẹranko tó níwo gbọọrọ. Olúkúlùkù á ṣa ogójì nínú èyí tó ní, á fi kojú ẹlòmíràn. Ogójì yẹn ni dẹ́ẹ̀kì. Èèyàn lè gbọ́n títí, bí ogójì yẹn ò bá mọwọ́ ara wọn, òfo ló ń ta.

Ilé ìkẹ́rù kan lẹ́yìn pápákọ̀ òfurufú ni Ọláfimíhàn ti ń ṣiṣẹ́, ó ń ka àpótí wọlé, ó ń ka àpótí jáde. Ibẹ̀ ló ti mọ Kọ́lá, ọmọ Àjàó Estate kan tí ìyá rẹ̀ ń bá bàálù ṣiṣẹ́, tó máa ń kó káàdì bọ̀ fún un láti òkè òkun bí ẹni ń kó bisikíìtì. Kọ́lá ní káàdì, kò ní sùúrù. Ọláfimíhàn ní sùúrù, kò ní káàdì. Kọ́lá á da gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ gbàràgàdà, á ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi tò ó, orí ń fọ́ mi."

Ọláfimíhàn á tẹ́ ẹ sórí ẹní, mẹ́jọ mẹ́jọ lọ́nà márùn-ún. Á yọ ọ̀kan kúrò, á wò ó bóyá àwọn tó kù á ṣàárò rẹ̀. Bí wọn ò bá ṣàárò rẹ̀, kò yẹ kó wà níbẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ó lè fi ọ̀sẹ̀ méjì wà lórí káàdì kan ṣoṣo. Nígbà tó bá tò ó tán, Kọ́lá á gbé e lọ, á na gbogbo ọmọ Àjàó, wọ́n á máa pariwo orúkọ Kọ́lá. Kò pẹ́ tí àwọn tó jẹ níyà náà fi ń wá kanlẹ̀kùn ní Ṣógúnlé. "Bọ̀dá, ẹ bá èmi náà to tèmi." Ó ń bá wọn tò ó. Ìgbà mìíràn wà tó jẹ́ pé òun ló to ti ẹni tó borí àti ti ẹni tí wọ́n borí, á wá dúró lẹ́yìn wọn bí òbí tí ọmọ méjì ń jà lójú rẹ̀.

Nígbà tó yá, Kọ́lá lọ sí Kánádà, ó gbé dẹ́ẹ̀kì mẹ́ta lọ. Lọ́dún kejì ó gba ife-ẹ̀yẹ níbẹ̀, ó gbé àwòrán rẹ̀ sórí fóònù. Ọ̀rọ̀ tó kọ sábẹ̀ rẹ̀ gùn: ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyàwó, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ajá. Ọláfimíhàn kà á lẹ́ẹ̀mẹta, bóyá orúkọ òun sá pamọ́ síbì kan. Kò sí níbẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Kọ́lá pè é. "Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà! Ṣé ẹ rí i? Nǹkan yín ń ṣiṣẹ́ gan-an o! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún bá mi ronú sí òmíràn." Ó sì bá a ronú. Irú èèyàn tó jẹ́ nìyẹn.

Mọ́nsúrátù, tó ń ránṣọ ní òpópónà kejì, fọkàn sí i fún ọdún mẹ́rin. Lọ́jọ́ kan ó dúró sẹ́nu ọ̀nà torí kò síbi tó lè fẹsẹ̀ lé, káàdì ló kún ilẹ̀.

"Fimíhàn, aṣọ tuntun tí mo wọ̀ yìí ńkọ́?"

Kò gbójú sókè. "Ó dáa gan-an ni."

"Mi ò wọ aṣọ tuntun."

Ọmọ mẹ́ta ló ti bí fún ẹlòmíràn báyìí. Àkọ́bí rẹ̀ ti ga, ó máa ń dọ̀bálẹ̀ kí Ọláfimíhàn: "Ẹ káàárọ̀, sà."

Ní ti Màmá rẹ̀, "ìwé Sàtánì" ni wọ́n ń pe gbogbo rẹ̀. Obìnrin àdúrà ni wọ́n, ará Ìkìrun, wọn kì í fi ìsìn ṣeré. Lọ́dún kan wọ́n da odidi dẹ́ẹ̀kì kan sínú gọ́tà lójú òjò. Ọláfimíhàn ká ṣòkòtò sókè, ó wọnú omi, ó ń ṣà á lọ́kọ̀ọ̀kan. Màmá dúró sí ìloro, wọ́n ń wò ó, omijé ń bọ́ lójú wọn. Wọn ò tún da káàdì nù mọ́ láti ọjọ́ náà, wọ́n kàn fi orúkọ rẹ̀ kún àkọsílẹ̀ àdúrà Ọjọ́rú.

Bí gbogbo èyí ṣe ń ṣẹlẹ̀, ó ń to dẹ́ẹ̀kì kan fún ara rẹ̀ lábẹ́nú. Ọdún mẹ́sàn-án ló gbà. Èyí tí àwọn èèyàn bá kọ̀ sílẹ̀ ló fi ń ṣe é, títí ó fi kó ẹranko oníwo méjìlá jọ, irú èyí tí kì í tètè bọ́ sọ́wọ́ mẹ̀kúnnù. Àwọn méjìlá yẹn ni agbára rẹ̀, àwọn méjìdínlọ́gbọ̀n tó kù kàn ń là wọ́n lọ́nà ni. Kò fi han ẹnikẹ́ni.

Ìgbà tó gbọ́ pé ìdíje ńlá kan ń bọ̀ ní Ìsọlọ̀, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ lágbègbè wa, èyí tí wọ́n á ti kọ orúkọ ẹni tó bá borí sínú ìwé eré náà káàkiri àgbáyé, ara rẹ̀ ò balẹ̀ mọ́. Ó fẹ́ kí orúkọ òun wọ ìwé yẹn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, lọ́wọ́ òun fúnra òun. Ó jókòó ti Màmá lẹ́yìn oúnjẹ.

"Mà, èyí ló gbẹ̀yìn. Bí mo bá borí, mo borí. Bí mi ò bá borí, mo ti jáwọ́."

Màmá to àwo léra. "O ti sọ bẹ́ẹ̀ rí?"

"Rárá, Mà."

"Olúwa á ṣe é fún ẹ, Àkànní."

Ọdún mọ́kànlélógún, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n máa súre sí i. Ọláfimíhàn wọ yàrá lọ nu ojú rẹ̀.

Ní àárọ̀ Sátidé, ó wẹ̀, ó wọṣọ, ó mú àpótí káàdì rẹ̀, ó di Ìsọlọ̀. Òkè ilé ìtajà kan ni wọ́n ti ṣe é, fáànù ò ṣiṣẹ́, àwọn ọmọdé ló kún ibẹ̀. Ó na ẹni àkọ́kọ́. Ó na ẹnì kejì. Ó kíyè sí i pé káàdì ń yọ̀ díẹ̀ lọ́wọ́ òun, ó pè é ní òógùn. Ẹnì kẹta ni Tamílọ́rẹ, ọmọ yunifásítì kan tí ojú rẹ̀ mú. Ọláfimíhàn ti fẹ́ẹ́ borí rẹ̀ nígbà tí ọmọ náà nawọ́ sókè.

"Adájọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wo ẹ̀yìn káàdì Bọ̀dá yìí. Mo ti ń mọ èyí tí wọ́n fẹ́ fà kí wọ́n tó fà á."

Adájọ́ tẹ́ ogójì náà dojúdé. Ọ̀rá tó mọ́ gaara ni Ọláfimíhàn fi wọ̀ wọ́n láṣọ, ẹ̀yìn gbogbo wọn ló hàn. Méjìlá ní àpá roboto lókè, ibi tí òróró ti gba ẹnu ọ̀rá wọlé, tó sì ti mu káàdì já. Adájọ́ ṣí wọn wò. Oníwo ni gbogbo méjèèjìlá.

"Ẹ̀gbọ́n, àwọn tó lágbára jù nìkan lẹ sàmì sí. Àlàyé wo lẹ fẹ́ ṣe?"

Ẹnì kan kígbe láti ẹ̀yìn: "Ẹ bá wa bi Dádì bóyá wọ́n fẹ́ fi dín dòdò ni!" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín.

Ọláfimíhàn gbé ọ̀kan sí imú. Òórùn tó gbọ́ kì í ṣe ti ilé ìdáná. Òórùn ìgò kékeré tí Màmá máa ń gbé bọ̀ láti ìsọjí ni, èyí tí wọ́n ń fi yàn án níwájú orí láti kékeré. Wọ́n ti ya àwọn oníwo sí mímọ́. Níwájú orí, ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ó yẹ kó sọ ọ́. Bóyá wọ́n á gbà á gbọ́. Àmọ́ ó wo àwọn ọmọ tó ń fi ọwọ́ bo ẹnu yẹn, kò lè gbé ìyá rẹ̀ sílẹ̀ fún wọn kí wọ́n tún fi ṣẹ̀fẹ̀.

"Èmi ni mo ni káàdì," ló wí.

"Ẹ má bínú, bí òfin ṣe wí nìyí. Ọdún méjì lẹ ò ní bá ẹnikẹ́ni díje. Orúkọ yín lẹ́kùn-ún rẹ́rẹ́?"

Ó pè é fún adájọ́, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Bí orúkọ Ọláfimíhàn ṣe wọ ìwé eré náà nìyẹn, ní abala àwọn tó ṣe màgòmágó.

Oòrùn ò tíì wọ̀ nígbà tó délé. Màmá wà ní ìloro, wọ́n ṣí Bíbélì sórí itan.

"Àkànní, báwo ni?"

"Wọ́n nà mí, Mà."

"Wọ́n nà ẹ́ kẹ̀? Tòun ti òróró yẹn?" Wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀. "Nígbà tó o wọ balùwẹ̀ láàárọ̀ ni mo ṣe é. Àwọn tó níwo nìkan ni mo fi kàn, torí ojú wọn ò dáa, kí wọ́n má baà dalẹ̀ rẹ. Àbí ó ba nǹkan jẹ́ ni?"

"Rárá o, Mà. Ẹ ṣeun. Ọmọ tí mo bá pàdé ló mọ̀ ọ́n jù mí lọ."

Ara Màmá balẹ̀. "Má jáwọ́ o. Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Lọ́dún tó ń bọ̀ gbogbo ogójì ni màá fi òróró kàn, mi ò ní dá ìkankan sí. Màá tún gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta sí i."

"Àmín, Mà."

"Oúnjẹ wà lábẹ́ àwo."

Kò fẹ́ jẹun. Ó jókòó, ó ṣí àwo náà, ó sì jẹ ẹ́ tán pátápátá, nítorí pé Màmá ń wò ó láti ìloro, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́.