Àwo Tí Wọ́n Tò Padà ní Fáẹ́ńsà

Ọjọ́ tí ogun abẹ́lé wọ Ọ̀rẹ̀, gààrí ni èmi àti ìyá mi ń yan lẹ́yìn ilé. Bàbá mi ti lọ sí títì láti wo ìdí tí ọkọ̀ kankan kò fi wá láti ọ̀nà Benin. Ìró kan dún. Ìyá mi ní àwọn tó ń fọ́ òkúta ni. Èkejì dún, ilẹ̀ mì, gààrí dà sínú iná.

"Fúnmi, gbé àbúrò rẹ."

"Bàbá wa ńkọ́?"

"Yóò bá wa lọ́nà."

Kò bá wa.

Ẹ̀yin ọmọ mi, inú oko kòkó la sá sí. Ìbọn ń dún lọ́tùn-ún, ó ń dún lósì, a kò mọ ibi tí a ó kọjú sí. Òjò kò dá. A kò lè dáná kí wọ́n má baà rí èéfín, ẹ̀gẹ́ tútù la ń jẹ, inú sì ń run wá. Ara Káyọ̀dé àbúrò mi gbóná títí kò fi lè gbé omi mì mọ́. Obìnrin Ìsobo kan tó ń ṣe epo pupa nínú igbó ló rí wa.

"Ẹ wọlé," ló wí. "Òjò ń pa ọmọ."

Kò bi wá léèrè ìlú wa. Ó fún ọmọ ní àgbo, ó fi iṣu sísun àti epo bọ́ wa títí ìbọn fi dákẹ́. Káyọ̀dé tó ń tún fáànù ṣe ní Ṣàngó Ọ̀tà lónìí, obìnrin yẹn ló dá a sí. Ojoojúmọ́ ni mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí a padà sílé, òrùlé wà, ilẹ̀kùn kò sí. Kò sẹ́ni tó rí bàbá mi, ní òkú tàbí láàyè. Ìyá mi kò sì mẹ́nu kàn án mọ́.

Iṣẹ́ ló gbé mi dé Ọ̀tà, ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe àwo amọ̀. Nígbà tí owó ṣì wà, wọ́n kó wa lọ sí Fáẹ́ńsà ní Ítálì láti kọ́ bí a ṣe ń kun àwo. Wọ́n mú wa lọ sí ilé kan tí wọ́n kó àwo àtijọ́ sí. Mo rí àfọ́kù tí iná ti sọ di dúdú. Wọ́n ní bọ́ǹbù ló fọ́ wọn nígbà ogun àgbáyé kejì. Mo jáde, mo dúró síta títí àwọn yòókù fi parí.

Nígbà SAP, tí náírà já wálẹ̀ tí gbogbo nǹkan gbówó lórí, wọ́n ti dá ọ̀pọ̀ wa dúró, àwọn tó kù sì ń fẹsẹ̀ rìn láti Ìjọkò wá síbi iṣẹ́. Ilé iṣẹ́ tún rán mi lọ sí Fáẹ́ńsà, èmi nìkan, torí owó kò tó ju ti ẹnì kan lọ. Lọ́jọ́ ìsinmi, mo rìn lábẹ́ àwọn ilé olópòó tó yí gbàgede ìlú ká. Mo wo ilé aago gíga tí ogun wó lulẹ̀ tí wọ́n tún kọ́. Lẹ́yìn náà mo wọ ilé àwo yẹn.

Obìnrin àgbà kan, Sìnyórà Ríta, ló ń tọ́jú ibẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kéré, tèmi náà kò pọ̀, ṣùgbọ́n a gbọ́ ara wa yé.

"Ṣé ẹ rí ogun yẹn?" ni mo bi í.

"Yàrá abẹ́ ilẹ̀ ni èmi àti ìyá mi sá sí."

"Oko kòkó ni tiwa."

Ó di ọwọ́ mi mú. Ó fi àwo kan hàn mí tí wọ́n tò padà, tí ojú obìnrin wà lára rẹ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan kò sí, funfun lásán ni.

"Kí ló dé tí ẹ kò kun ibẹ̀?"

"A kò mọ bó ṣe rí. Èyí tó kù la fi hàn."

A jókòó síbẹ̀ pẹ́. Ara mi balẹ̀.

Nígbà tí mo padà dé Ìlò-Awéla ní Ọ̀tà, níbi tí èmi àti ìyá mi ń gbé, mo ròyìn gbogbo rẹ̀ fún ìyá mi.

"Bàbá rẹ kò mọ ijó jó rárá," ló wí, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

Láti ọjọ́ náà ni ìyá mi ti ń sọ̀rọ̀ bàbá mi fún mi díẹ̀díẹ̀. Ó máa ń rìn kánkán. Ó fẹ́ràn iyọ̀. Bó bá ń wẹ̀, a máa súfèé. Èyí tí mo ní nípa bàbá mi nìyí, mo sì dúpẹ́ pé mo ní i.