Àáró Tí Wọ́n Jẹ Ìyá Mi

Ẹni tó bá ń wá ẹ̀kọ́ nípa ìdáríjì, kó yà sí ilé ẹlòmíràn. Èmi kò ní in. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nínú mi, kò sì tíì rọ̀. Bí mo bá ń ránṣọ lọ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Òmù-Àrán, tí mo wá rántí rẹ̀, n ó rí i pé mo ti ń fi ẹsẹ̀ tẹ máṣíìnì ju bó ṣe yẹ lọ, abẹ́rẹ́ á sì ṣẹ́. Abẹ́rẹ́ tí obìnrin yẹn ti mú mi ṣẹ́ kò lóǹkà.

Àgbàmù ni ìyá mi ń gbé, ibẹ̀ ló ti wọlé ọkọ, ibẹ̀ ló sì bí wa sí. Gàrí ni iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ gàrí á mọ̀ pé ẹ̀gẹ́ kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bí o bá ti fà á tu lóko tí o sì kó o délé, kíákíá lo gbọ́dọ̀ bẹ ẹ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ inú rẹ̀ á dúdú, ewúrẹ́ ni yóò sì jẹ ẹ́. Ọwọ́ ẹnì kan kò tó o. Ìdí nìyẹn tí àwọn obìnrin àdúgbò wa fi ń dá àáró. Lónìí, gbogbo wọn á mú ọ̀bẹ wá síbi ẹ̀gẹ́ tìrẹ, wọ́n á bẹ ẹ́ tán. Bó bá dọ̀la, ìwọ náà á mú ọ̀bẹ lọ síbi tẹlòmíràn. Kò sẹ́ni tó ń kọ ọ́ sílẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń gbàgbé. Àáró kì í ṣe ọ̀wẹ̀. Bí wọ́n bá bá ọ ṣe ọ̀wẹ̀, o fún wọn lóúnjẹ, ó parí. Àáró, ọwọ́ la fi ń san án. Ẹni tó bá jẹ àáró tí kò san, wọn kì í bú u. Wọn ò kàn ní wá síbi tirẹ̀ mọ́ ni.

Ìyá mi ni olórí wọn. Àwọn tó ń lọ mọ́ṣáláṣí àti àwọn tó ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, Ìyá Àáró ni gbogbo wọn ń pè é. Òun ló ń pín in. Bí wọ́n bá ti pé sí àgọ́ gàrí láàárọ̀, á wojú wọn yíká, á ní, "Ta ló kàn?" Ẹni tó kàn á dáhùn, iṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ìbéèrè yẹn, n kò sì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni jiyàn sí i rí.

Obìnrin tí mò ń sọ yìí, ọmọ àbúrò bàbá mi ni. Ìyá rẹ̀ kú nígbà tó wà ní kékeré, ìyá mi ló tọ́ ọ. Orí ẹní kan náà la jọ sùn dàgbà. Ìyá mi ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń di ọ̀bẹ mú, àpá tó wà ní àtàǹpàkò rẹ̀ dòní, ibi ẹ̀gẹ́ wa ló ti gbà á. Ó dàgbà, ó lọ sí Ìlọrin, ó lọ́kọ níbẹ̀, ó sì wá di èèyàn ńlá. Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe yẹ: ó wá di ẹni tó ń ta tíì.

Kì í ṣe tíì lásán o. Inú páálí aláwọ̀ wúrà ló wà. Wọ́n ní ó ń fọ ẹ̀jẹ̀, ó ń fọ kídìnrín, ó ń lé ìtọ̀ ṣúgà, ó ń mú orúnkún arúgbó rọ̀. Ohun tó kù kí ó ṣe kò ju kí ó jí òkú lọ, bóyá ìyẹn náà wà nínú páálí tó wọ́n jù ú lọ. Ṣùgbọ́n tíì kọ́ ni ọjà náà gan-an. Èèyàn ni ọjà náà. Bí o bá ti ra tìrẹ, wọ́n á ní kí o mú èèyàn méjì wá sí abẹ́ rẹ, ẹsẹ̀ ọ̀tún àti ẹsẹ̀ òsì ni wọ́n ń pe àwọn yẹn, kí àwọn náà tún lọ mú méjì méjì wá. Bí ẹsẹ̀ rẹ bá ṣe ń gùn tó ni owó á ṣe máa gòkè wá bá ọ tó. Ẹni tó wà nísàlẹ̀ pátá, ẹ má béèrè ohun tó ń gòkè wá bá òun.

Ọjọ́ tí wọ́n ń bẹ ẹ̀gẹ́ ló yàn láti wá. Ó gbé mọ́tò rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ àgọ́, ó bọ́ bàtà, ó fa àpótí kan, ó mú ọ̀bẹ, ó sì ń bá wọn bẹ ẹ́. Bí ó bá wà ní Ìlọrin, ẹnu wọn ló fi ń sọ̀rọ̀. Ní àgọ́ lọ́jọ́ náà, ẹnu Ìgbómìnà wa ló yọ jáde, títí kan àwọn ọ̀rọ̀ tí àwa tó wà nílé gan-an ti ń gbàgbé. Ó pa wọ́n lẹ́rìn-ín títí. Ìgbà tí ara wọn ti balẹ̀ ló wá ní, "Ẹ̀yin ìyá mi, nǹkan tí mo mú wá yìí kì í ṣe tuntun sí yín. Àáró náà ni. Ẹ gbé ẹni tó wà lókè ga lónìí, bó bá dọ̀la wọ́n á gbé ẹ̀yin náà."

Ibẹ̀ ló ti mú wọn. Obìnrin ibòmíràn ì bá béèrè èrè, ì bá béèrè ibi tí owó ti ń wá. Tiwa, ohun kan ṣoṣo ni wọ́n béèrè: "Ṣé yóò kàn wá?" Ó ní yóò kàn wọ́n. Ó fi wàlláhì lé e. Ìyá mi ló kọ́kọ́ wọ̀ ọ́, nígbà tó sì ti jẹ́ pé olórí àáró ti wọ̀ ọ́, kò sẹ́ni tó lè ní òun ò ṣe. Bí wọ́n ṣe wọlé tán nìyẹn. Wọ́n ta ewúrẹ́, wọ́n ta gàrí tí wọ́n ń tọ́jú de ọ̀wọ́n, wọ́n sì mú àwọn èèyàn wọn wá láti Òwu-Ìsìn àti Ìjàrà.

Mo bá ìyá mi sọ ọ́. Mo ní, "Màmá, àáró a máa yí po ni. Èyí kì í yí, òkè ló ń lọ, kì í sì í padà wálẹ̀." Ó rẹ́rìn-ín, ó ní mò ń jowú àbúrò mi ni. Ó ní ṣé ọmọ tí òun fi ọwọ́ òun tọ́ ni yóò wá tan òun? Wọ́n kúkú ní ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé ni aṣeni ń gbé. Ìyá mi mọ òwe náà jù mí lọ.

Kọ́bọ̀ kò padà wálẹ̀ bá ẹnì kankan nínú wọn. Owó nìkan kọ́ ló sì bá a lọ. Ìyá mi ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Oṣooṣù ni mò ń ra oògùn rẹ̀ ní Òmù-Àrán tí mò ń fi ránṣẹ́ sí i. Obìnrin yìí wá jókòó láàrin wọn ní àgọ́, ó ní, "Màmá, ẹ ò lè pa méjèèjì pọ̀. Tábúlẹ́ẹ̀tì òyìnbó yẹn gan-an ló ń pa yín díẹ̀díẹ̀. Èmi fúnra mi, n kì í fẹnu kàn án, tíì yìí nìkan ni mò ń mu." Etí gbogbo obìnrin àgọ́ ni wọ́n fi gbọ́ ọ. Ìyá mi gbà á gbọ́, kò sì sọ fún mi.

Ibi tó ti ń ṣe àlùwàlá àárọ̀ ló ṣubú sí. Apá ọ̀tún kú, ẹsẹ̀ ọ̀tún kú, ẹnu rẹ̀ wọ́. Nígbà tí mo ṣí àpótí rẹ̀ láti wá aṣọ tí a ó kó lọ sí ilé ìwòsàn, mo bá gbogbo oògùn tí mo ti ń rà níbẹ̀, kò já ẹyọ kan nínú wọn. Páálí aláwọ̀ wúrà jókòó tì wọ́n. Mo pe obìnrin náà lórí fóònù. Ó ní ẹ pẹ̀lẹ́ o, ó ní ẹ̀jẹ̀ burúkú ló ń jáde yẹn, kí a fi kún tíì náà. Láti ọjọ́ yẹn, fóònù rẹ̀ kò wọlé fún mi mọ́.

Ìyá mi kò kú. Ọ̀rọ̀ tó kù sí i lẹ́nu tó já gaara ni "Ta ló kàn?" Nígbà tí ẹ̀gẹ́ rẹ̀ gbó, mo san owó fún àwọn tó wà á, mo kó o jọ sí iwájú àgọ́. Òun ló kàn, gbogbo wọn ló mọ̀. Mo wọ aṣọ fún un, mo gbé e sórí àga níbi òkìtì ẹ̀gẹ́ náà, a sì ń retí. Wọ́n ń kọjá. Wọ́n ń kí i pé ẹ kú ìrọ́jú, wọ́n sì ń lọ. Òun ló mú wọn wọ ohun tó jẹ wọ́n run, wọ́n fi ẹsẹ̀ wọn sọ fún un. Mo bẹ ìwọ̀n tí mo lè bẹ, ewúrẹ́ jẹ ìyókù. Ó jókòó síbẹ̀ títí oòrùn fi wọ̀, ó ń béèrè pé ta ló kàn, mo sì ń dá a lóhùn pé, "Ẹ̀yin ni, Màmá."

N kò bínú sí àwọn obìnrin náà. Irọ́ ni, mo bínú. Ṣùgbọ́n mo mọ ilé tí ìbínú náà ń lọ. Mo wá gbàdúrà kan tí lèmọ́mù kò ní ṣe àmín sí. N kò ní kí obìnrin tíì yẹn kú, ikú yá jù. Mo ní kí Ọlọ́run mú un padà wá sí Àgbàmù, kó gbé ẹ̀gẹ́ kalẹ̀, kó sì wá ọwọ́ tí yóò bá a bẹ ẹ́.

Ọlọ́run a máa gbọ́ irú rẹ̀ nígbà míràn. Àwọn tó wà lókè rẹ̀ nínú òwò náà palẹ̀ mọ́, wọ́n sá lọ. Àwọn tó mú wọlé ní Ìlọrin kò jẹ́ kó rímú mí, ọkọ rẹ̀ ní òun ò lè kú sínú ọ̀rọ̀ náà. Ó padà sílé bàbá rẹ̀, ó gba ilẹ̀ díẹ̀, ó gbin ẹ̀gẹ́. Ọjọ́ tó wà á, ó lọ láti ojúlé dé ojúlé, ó ń kúnlẹ̀, ó ń bẹ̀bẹ̀ fún àáró. Gbogbo wọn ní àwọn ti gbọ́. Mo ti ṣọ́ọ̀bù mi, mo wọ mọ́tò wá. Mo gbé àga síta ilé wa, mo ń jẹ ẹ̀pà, mo ń wò ó. Kò sẹ́ni tó wá. Inú mi dùn, n kò ní purọ́.

Ìyá mi gbọ́ ìró ọ̀bẹ látinú ilé. Ó ní, "Ta ló kàn?" Ọ̀rọ̀ náà kì mí láyà. Mo wọlé, mo gbé e pẹ̀lú àga rẹ̀, mo gbé e kalẹ̀ níwájú òkìtì ẹ̀gẹ́ obìnrin náà. Mo ní, "Àáró la wá dá. O kò lè sọ pé ẹnikẹ́ni kò wá." Mo fi ọ̀bẹ sí ọwọ́ ọ̀tún ìyá mi. Ó jábọ́. Mo mú un, mo tún fi sí i. Ó tún jábọ́. Àwọn obìnrin ti yọ sí ẹnu ọ̀nà wọn. Ọmọ tí ìyá mi tọ́ yìí bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, mo sì tún mú ọ̀bẹ náà nílẹ̀, nítorí ẹkún náà kò tíì tó mi.

Ìyá mi ti ọwọ́ mi dànù. Ó fi ọwọ́ òsì gba ọ̀bẹ, ó ki ẹ̀gẹ́ kan bọ àárín itan rẹ̀, ó sì ń bẹ ẹ́. Ó pẹ́ gan-an. Ó bẹ ẹ́ ní ìbẹkúbẹ, èèpo ṣì wà lára rẹ̀ níbi púpọ̀, ó sọ ọ́ sínú abọ́. Ó wá gbé ojú sókè wo ọmọ tó tọ́, ó ní, "Ta ló kàn?"

Ó ní láti dáhùn, gbogbo wọn ń wò ó. Ó ní, "Ẹ̀yin ni, Màmá." Bó ṣe jẹ àáró nìyẹn.

Nígbà tí ẹ̀gẹ́ ìyá mi tún gbó, ó wá. Àwọn obìnrin yòókù wà nínú àgọ́ lọ́jọ́ náà, wọ́n ń bẹ ti ẹlòmíràn, òun nìkan ló jókòó ti tiwa. N kò fọwọ́ kan ọ̀bẹ. Ọwọ́ tó ti rọ̀ ní Ìlọrin bẹ̀rẹ̀ sí í bó, ẹ̀jẹ̀ ń kán sára ẹ̀gẹ́. Nígbà tí oòrùn mú, ó ní kí n jọ̀ọ́ fún òun ní omi. Mo wọlé. Mo ti tọ́jú páálí kan sínú àpótí ìyá mi fún irú ọjọ́ yẹn. Mo hó omi, mo se tíì náà, mo bù ú sínú kọ́ọ̀bù ìyá mi, mo gbé e wá. Mo ní, "Mu ún. Ó ń fọ ẹ̀jẹ̀."

Ó gbóòórùn rẹ̀, ó gbé e sílẹ̀. Mo ní kó mu ún. Ó rọra ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. N kò lè mu ún. Mo ní ẹ̀jẹ̀ ríru, dókítà ní kò bá oògùn mi mu."

Mo ní, "Oògùn wo?" Ó tún na ọwọ́ sí ọ̀bẹ. Mo ní, "Láti ìgbà wo?"

Ó ní, "Láti ìgbà tí mo ti bí àbígbẹ̀yìn mi."

Àbígbẹ̀yìn rẹ̀ ti wà ní sẹ́kọ́ńdírì. Kó tó mọ̀ pé tíì kankan wà láyé ló ti ń lo oògùn, kò sì fi í sílẹ̀ lọ́jọ́ kan. Àwọn tó wà nínú àgọ́ gbọ́ ọ, wọ́n dá ọ̀bẹ dúró. Obìnrin tó dàgbà jù nínú wọn dìde, ó gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ wá síbi ẹ̀gẹ́ ìyá mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ ẹ́. Òmíràn tẹ̀ lé e, títí gbogbo wọn fi yí ìyá mi ká. Wọ́n bẹ ẹ́ tán kí oòrùn tó wọ̀, ìyá mi kò sì béèrè ẹni tó kàn lọ́jọ́ náà.

Ọmọ náà fẹ́ dìde. Mo ní kó jókòó. Títí dòní, ìgbàkígbà tí ẹ̀gẹ́ bá kan ìyá mi, ó ń wá, n ó sì se tíì náà, n ó gbé e kalẹ̀ níwájú rẹ̀ lójú gbogbo wọn. Kì í mu ún. Èmi náà kì í gbé e kúrò níbẹ̀ títí yóò fi lọ. Páálí náà kò tíì tán.