Géètì Tí Josiah Sẹ́

Ní àdúgbò wọn ní Kàbbà, ẹni tó ń pe Josiah Ìbítóyè ní orúkọ rẹ̀ kò pọ̀. Dírẹ́bà ni wọ́n ń pè é. Ó ṣiṣẹ́ rélùweè ní Òkè Ọya fún ọdún méjìlélógún kó tó fẹ̀yìn tì wálé, nítorí náà, bó bá ń kọjá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn àgbà á kí i pé, "Dírẹ́bà, okun o!" Àwọn ọmọdé á sì máa dún fòòò bíi fèrè ọkọ̀ ojú irin. Josiah á juwọ́, á yára kọjá. Àwọn èèyàn rò pé ìrẹ̀lẹ̀ ló ń mú un yára. Kì í ṣe ìrẹ̀lẹ̀. Josiah kò wa ọkọ̀ ojú irin rí láyé rẹ̀.

Géètì ló ń ṣọ́. Nítòsí Mìnà, níbi tí títì ti dábùú ojú irin, ni wọ́n fi í sí. Bí ọkọ̀ ojú irin bá ń bọ̀, á ti géètì, á na àsíá pupa sí àwọn mọ́tò kí wọ́n dúró. Bó bá kọjá tán, á ṣí i. Iṣẹ́ gidi ni. Ní gbogbo ọdún méjìlélógún yẹn, ẹnì kan ṣoṣo kò kú ní géètì rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà àkọ́kọ́ tó wálé ọdún Kérésì pẹ̀lú kákí rélùweè lọ́rùn, bàbá ìyàwó rẹ̀ bi í pé, "Ṣé ìwọ lò ń wa ọkọ̀ náà?" Josiah wo àwọn àna rẹ̀ tí wọ́n jókòó yí i ká. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n tún bi í, ó sì ní láti dáhùn bákan náà. Priscilla, ìyàwó rẹ̀, ń ṣe tíṣà ní Kàbbà, kò bá a gbé lókè lọ́hùn-ún rí, àsìkò ìsinmi nìkan ni wọ́n ń ríra. Ta ni ì bá já irọ́ náà?

Ẹnì kan já a. John, ọkọ Ọmọ́yẹlé tí í ṣe ẹ̀gbọ́n Priscilla, ń kó iṣu láti Odo-Ape, ìlú rẹ̀, lọ sí Òkè Ọya. Lọ́jọ́ kan, lọ́rì rẹ̀ dúró ní géètì nítòsí Mìnà, ó sì rí Josiah pẹ̀lú àsíá lọ́wọ́. Nígbà tí ìpàdé ẹbí wáyé nílé bàbá ìyàwó wọn ní Kàbbà, John fi ọ̀rọ̀ náà ṣẹ̀fẹ̀. Kò ní ìkà nínú. Ó ní òun rí Dírẹ́bà níbi tó ti ń ṣí géètì, ó sì ṣàpèjúwe ibẹ̀ bó ti rí. Josiah dìde, ó gbé ọwọ́ lé Bíbélì tó wà lórí tábìlì, ó ní irọ́ ni John ń pa, ìlara ló ń ṣe é. Bàbá ìyàwó wọn ní kí John tọrọ àforíjì. John ní, "Ojú mi ló rí i. Ṣùgbọ́n nítorí àlàáfíà, ẹ má bínú." Ó mú fìlà rẹ̀, ó jáde. Láti ọjọ́ náà, Priscilla kò bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún. Nígbà tí John kú lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn, wọ́n ránṣẹ́ láti Odo-Ape. Josiah ní, "Bó o bá fẹ́ lọ, máa lọ." Ó ti mọ̀ pé kò ní í lọ.

Lọ́dún tí Josiah pé àádọ́rin ọdún, ọmọ wọn kan ṣoṣo, Rejoice, tó ń ṣe nọ́ọ̀sì nílùú òyìnbó, fi àpótí kan ránṣẹ́. Ọkọ̀ ojú irin kékeré ló wà nínú rẹ̀: ẹ́ńjìnnì tí kò gùn ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, kẹ̀kẹ́ èrò mẹ́rin, àti irin tí wọ́n ń so mọ́ra. Iná mànàmáná ló ń gbé e rìn. Ó kọ ọ́ sínú káàdì pé, "Fún bàbá mi tó wa èyí tó tóbi." Josiah kà á, ojú rẹ̀ gbóná. Ó ti àpótí náà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó sì fi í síbẹ̀ fún oṣù méjì. Ṣùgbọ́n gbogbo ọjọ́ Sunday ni Rejoice ń pè lórí fóònù, tó ń bèèrè pé, "Dádì, ẹ ti tò ó?" Nígbà tí ìtìjú àìtò ó pọ̀ ju ìtìjú títò ó lọ, ó fà á jáde.

Kò kàn fẹ́ tò ó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ní kí káfíńtà gé pákó pẹrẹsẹ kan fún un, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà ní gígùn, mẹ́rin ní fífẹ̀, kí ó lè wọ yàrá Rejoice kí àyè ìrìn sì ṣẹ́ kù. Ó lẹ páálí mọ́ ọn lórí, ó fi pẹ́ńsùlù ya ibi tí ohun gbogbo yóò wà. Ó kọ́kọ́ to irin náà láì kàn án, ó wò bóyá ọkọ̀ á rìn. Níbi kọ́nà, ó ti sún irin mọ́ etí pákó jù, kẹ̀kẹ́ ẹ̀yìn tẹ̀, ó já bọ́ sílẹ̀. Ó fi ìka mẹ́ta sún un wọlé. Ó ya odò kan àti afárá, àti títì kan tó dábùú irin. Ó ya òkè kan ní igun òdìkejì, tí ọkọ̀ yóò gba ìsàlẹ̀ rẹ̀ wọlé, tí yóò tún yọ.

Priscilla, tó ti fi ọdún púpọ̀ kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ ọwọ́, wá wò ó lẹ́nu ọ̀nà. Kò pẹ́ tó fi wọlé. Òun ló ní kí wọ́n fi páálí gé àwòṣe ilé kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó kọ́ ọ gan-an. "Bí ilẹ̀kùn ilé yín bá ga ju ẹ́ńjìnnì lọ," ó ní, "ilé òmìrán lẹ kọ́ yẹn." Wọ́n wá fi igi ìṣáná tí wọ́n gé sí méjì ṣe òdiwọ̀n ènìyàn. Wọ́n rẹ ìwé àpò sìmẹ́ńtì sínú gọ́ọ̀mù, wọ́n fi mọ òkè. Priscilla pa lẹ́búlẹ́bú pákó láró àwọ̀ ewé, ó di koríko. Ó ya fóòmù tìmùtìmù wẹ́wẹ́, ó di ewé igi. Agolo mílíìkì ni wọ́n gé ṣe páànù. Ó ti pẹ́ tí àwọn méjèèjì ti jọ rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ nínú ilé yẹn. Ẹ̀rín náà sì ń dun Josiah bí ẹ̀gún, nítorí Priscilla á ní, "Ẹ sọ fún mi, kí ni dírẹ́bà ń wò nínú ẹ́ńjìnnì bó bá fẹ́ wọ abẹ́ òkè?" Josiah á ní kó na gọ́ọ̀mù sí òun.

Priscilla lọ sí ìpàdé àwọn obìnrin ìjọ ní Ẹ̀gbẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ó yẹ kí Josiah kọ́ ilé ìdúró ọkọ̀ kó tó dé. Ó jókòó tì í, kò rí i kọ́. Ibi tí títì ti dábùú irin lórí páálí ni ọwọ́ rẹ̀ ń lọ. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé kò burú, kò sí ojú irin tí kì í ní géètì. Ó kọ́ ahéré kan síbẹ̀, ó fi ẹfun kun ún, ó fi ọ̀dà dúdú yí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ó ṣe bẹ́ǹṣì, ó ṣe àgbá omi, ó gbin igi kan sẹ́yìn rẹ̀. Fún ọjọ́ mẹ́ta náà, ọwọ́ rẹ̀ kò ṣe àṣìṣe kan. Inú rẹ̀ dùn bí inú ẹni tó padà sílé.

Nígbà tí Priscilla dé, kò tíì bọ́ gèlè tó fi lọ wò ó. Ó tẹ̀ síwájú, ó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀.

"Bàbá Rejoice, níbo lẹ ti rí ilé yìí?"

"Ilé lásán ni. Mo kàn rò ó ni."

"Ẹ kàn rò ó." Ó fi ìka kan àgbá omi náà. "Àgbá pupa. Igi dóńgóyárò tí ìdí rẹ̀ pín sí méjì, tó tẹ̀ lé orí òrùlé. Bẹ́ǹṣì tí òkúta jẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kan." Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. "Ohun tí John kà sílẹ̀ níwájú bàbá mi nìyí. Mo ti ń gbàgbé ojú John. Mi ò gbàgbé ọ̀rọ̀ yẹn, nítorí òun ni mo ń rántí bí mo bá fẹ́ bínú sí wọn."

Irọ́ kan wà lẹ́nu Josiah tó ti pọ́n. Ó lè ní ọ̀rọ̀ John lòun náà rántí tí òun fi kọ́ ọ. Ó la ẹnu. Irọ́ náà kò jáde.

"Géètì mi ni," ó ní. "Èmi ni mò ń ṣọ́ ọ."

"Kẹ́ ẹ tó di dírẹ́bà?"

"Mi ò di dírẹ́bà. Mi ò wa ọkọ̀ ojú irin rí."

Priscilla kò pariwo. Josiah ì bá fẹ́ kó pariwo. Ó tú gèlè rẹ̀, ó ń wò ó lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní, "Mi ò lọ síbi ìsìnkú ọkọ ẹ̀gbọ́n mi." Ó dìde, ó jáde kúrò nínú yàrá.

Ọjọ́ méjì, yàtọ̀ sí "ẹ káàárọ̀" àti "oúnjẹ ti délẹ̀", kò sí ọ̀rọ̀ láàárín wọn. Lọ́jọ́ kẹta, Josiah ní òun ń lọ sí Odo-Ape. Priscilla ní, "A jọ ń lọ ni. Èmi náà ní ẹ̀bẹ̀ tèmi."

Ìdí ẹ̀gúsí tó ń bó lẹ́nu ọ̀nà ni wọ́n bá Ọmọ́yẹlé. Irun rẹ̀ ti funfun pátápátá. Ó jẹ́ kíkí wọn, ṣùgbọ́n kò dìde. Josiah dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú iyanrìn. Láti ibẹ̀ ló ti sọ ọ́: pé òótọ́ ni John sọ, pé òun ló purọ́ mọ́ ọn, pé òun fi Bíbélì búra lé e lórí.

Ọwọ́ Ọmọ́yẹlé dúró lórí ẹ̀gúsí. "Ẹ tún un sọ."

Ó tún un sọ. Ọmọ́yẹlé pe James, àbúrò John, láti ilé kejì. "Ẹ tún un sọ kí James gbọ́."

Ẹ̀ẹ̀kẹta ló le jù. James gbọ́ ọ tán, ó wo Josiah nílẹ̀, ó ní, "Géètì? Kí ló burú nínú géètì?" Kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó fẹ́ mọ̀ ni.

"Nígbà tí àìsàn dá ọkọ mi gúnlẹ̀," Ọmọ́yẹlé ní, "wọ́n bi mí lọ́jọ́ kan pé, 'Ọmọ́yẹlé, àbí ojú mi ló tàn mí ní Mìnà?' Ọkùnrin tó gbọ́n bíi tiwọn. Ẹ̀yin lẹ jẹ́ kí wọ́n máa ṣiyè méjì lórí ojú ara wọn títí wọ́n fi kú."

Priscilla ti kúnlẹ̀, ó ń sunkún. Ọmọ́yẹlé jẹ́ kó sunkún díẹ̀ kó tó fà á mọ́ra. Kò wo Josiah. Ó ní, "Ẹ dìde. Ibi tẹ́ ẹ ti pè wọ́n ní òpùrọ́ ni kẹ́ ẹ ti lọ sọ ọ́. Ìyá Rejoice, ìwọ dúró tì mí."

Josiah nìkan ló padà sí Kàbbà. Lọ́jọ́ Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù, ó dìde níbi ìpàdé ẹbí ìyàwó rẹ̀, ó sọ ọ́. Ọ̀pọ̀ àwọn tó wà níbẹ̀ nígbà náà ti kú. Àwọn ọ̀dọ́ kò mọ ohun tó ń sọ, ọ̀kan nínú wọn rẹ́rìn-ín, ẹnì kan gbá a létí. Olórí ẹbí ní àwọn gbọ́, kí ó jókòó. Wọ́n bọ́ sórí ọ̀rọ̀ kànga tí wọ́n fẹ́ gbẹ́. Ó ti rò pé wọn yóò bú òun. Pé wọn kò bú u kò jẹ́ kó fúyẹ́. Lọ́jọ́ kejì, ó sọ fún Rejoice lórí fóònù.

"Mo ti sọ fún àwọn ọmọ mi pé dírẹ́bà ni yín, Dádì," ó ní. "Wọ́n sọ ọ́ ní skúùlù."

"Jọ̀ọ́, sọ òótọ́ fún wọn."

"Ẹ̀yin lẹ máa sọ ọ́." Ó gbé fóònù fún wọn. Josiah sọ ọ́ fún àwọn ọmọ méjì tó ń wò ó láti inú gíláàsì fóònù, pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ tó ń kọsẹ̀.

Ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn ìpàdé náà ni Priscilla padà dé, Ọmọ́yẹlé sì tẹ̀ lé e. Wọ́n fẹ́ lọ ra nǹkan lọ́jà. Ọmọ́yẹlé ní kí wọ́n fi ọkọ̀ ojú irin kékeré náà han òun. Ó dúró tì í pẹ̀lú báàgì rẹ̀ lápá. Wọn kò tíì kun òkè náà, ilé ìdúró ọkọ̀ kò tíì sí.

"Níbo ni lọ́rì wọn dúró sí?"

Josiah fi hàn án. Ọmọ́yẹlé bẹ̀rẹ̀, ó wo ibẹ̀ pẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n," Josiah ní, "ohun kan kù tí mi ò tíì sọ. Mo rí wọn lọ́jọ́ náà. Wọ́n yọ orí láti ojú fèrèsé, wọ́n juwọ́ sí mi, inú wọn dùn. Mo dá wọn mọ̀. Mo kẹ̀yìn sí wọn."

Ọmọ́yẹlé dúró ṣánṣán, ó tún báàgì rẹ̀ ṣe lápá.

"Wọ́n sọ ìyẹn fún mi," ó ní. "Èmi nìkan ni wọ́n sọ ọ́ fún. Wọn ò fẹ́ kó tì yín lójú níwájú àna." Ó yíjú sí àbúrò rẹ̀. "Priscilla, jẹ́ ká máa lọ kí oòrùn tó mú."