Owó Inú Ògiri

Láti ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti ra ilé ni ìdí rẹ̀ kò ti gbé ìjókòó mọ́. Yóò dìde nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, yóò fi oríkèé ìka kan ògiri, yóò tẹ́tí, yóò tún lọ kan ibòmíràn. Èmi ni mo sọ ọ́ ní Kọ́kọ́kọ́. Inú bí i títí, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára.

N kò bá a wí jù. Onílé mẹ́ta ló ti lé wa jáde. Ìgbà tó kẹ́yìn, inú òjò la gbé ibùsùn Màámi gba ojú títì, tí àwọn aládùúgbò ń wò wá bí ẹni ń wòran. Ọjọ́ náà ni ẹ̀gbọ́n mi búra pé ẹnikẹ́ni kò ní í gbé ibùsùn ìyá òun síta mọ́. Ó ránṣọ títí ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ̀, ó sì ra ilé àtijọ́ kan tí apá rẹ̀ ká.

Ṣùgbọ́n wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kun ilé náà lọ́dà ni, ọ̀dà tuntun yẹn gan-an ló sì ń já a láyà, torí kò mọ ohun tó bò mọ́lẹ̀.

Bíríkìlà tó bá wa yẹ̀ ẹ́ wò ní, "Ilé àgbà, màdáámú, ohun tẹ́ ẹ bá rí, ẹ wá owó ẹ̀. Èyí tẹ́ ò rí, ẹ tún wá owó tiẹ̀ sọ́tọ̀."

Aránṣọ ò nílò àlàyé lórí ìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi kì í ránṣọ kó má ṣẹ́ díẹ̀ kù sínú ojú rírán, torí ẹni tó tẹ́ẹ́rẹ́ lónìí lè sanra lọ́la. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe yọ owó kan sọ́tọ̀, tó pè é ní owó inú ògiri. Ó ní owó tí kò bá lórúkọ, ẹnu ni í bá lọ.

Ẹnu tèmi gan-an ni mo sì fẹ́ kó bá lọ. Mo tọrọ géètì, ó kọ̀. Mo tọrọ fáànù.

"Ṣé inú ògiri ni fáànù ń gbé?"

Mo pè é ní ahun lójú ara rẹ̀. Kò tilẹ̀ gbọ́ mi. Etí rẹ̀ wà lára ògiri.

Nígbà tó yá, Màámi ní ọ̀nà àárín ilé ṣókùnkùn jù. Ẹ̀gbọ́n mi pààrọ̀ gílóòbù. Màámi ní ó ṣì ṣókùnkùn.

"Wáyà ni!" ni ẹ̀gbọ́n mi kígbe. "Wáyà ilé yìí ti bàjẹ́!"

Ó pe oníṣẹ́ iná, ìyẹn tú gbogbo rẹ̀ wò, kò rí nǹkan kan. Èyí ló wá da ọkàn ẹ̀gbọ́n mi rú pátápátá. Lójú tirẹ̀, bí oníṣẹ́ iná ò bá rí i, á jẹ́ pé ó fara pamọ́ gidi.

Kò pẹ́ la ṣàkíyèsí pé Màámi máa ń fọwọ́ ra ògiri ọ̀nà náà bó bá ń kọjá. Mo bú sẹ́rìn-ín, mo ní àìsàn Kọ́kọ́kọ́ ti ran ìyá. Ẹ̀gbọ́n mi ò rẹ́rìn-ín.

"Màámi, ṣé ó tutù níbẹ̀ ni?"

"Ó tutù díẹ̀," ni Màámi yára dáhùn.

Ó parí. Wọ́n ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò ráyè wọ̀ ọ́. Àwa rèé, a gba bíríkìlà kó wá la tiwa lẹ́nu. Ó gbẹ́ ibi tí ọwọ́ Màámi máa ń gbà títí ihò náà fi tó àtẹ. Inú rẹ̀ gbẹ táútáú. Ẹ̀gbọ́n mi ní kó gbẹ́ ẹ sí i, bíríkìlà ní kí ni òun ń wá. Ibi tí wọ́n ti ń jiyàn ni Màámi ti yàrá jáde, tó ń fọwọ́ tọ ògiri bọ̀. Ó fara tì í bó ṣe máa ń ṣe. Ọwọ́ rẹ̀ dé ibi ihò, kò bá nǹkan kan, ó sì ṣubú sáàárín àfọ́kù símẹ́ńtì.

Orí ló yọ ọ́, kò fara pa.

"Màámi, ẹ ò rí ihò tó tó báyìí?" ni ẹ̀gbọ́n mi bi í.

Màámi ń gbọn eruku lára aṣọ rẹ̀. "Ojú mi ti di bàìbàì, ọmọ mi. Ó ti ṣe díẹ̀. Ògiri yìí ló ń mú mi dé balùwẹ̀."

"Ẹ ò sì sọ fún mi?"

"Owó ògiri lo pè é. Ta ni mo jẹ́ tí màá bá ògiri du owó?"

Ẹ̀gbọ́n mi jókòó. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ló jókòó sí, nínú eruku, ó sì sunkún bí ọmọdé. Ojú ti èmi náà, èmi tí mò ń tọrọ fáànù.

Dókítà ojú ní nǹkan kan ló bo ẹyinjú, pé iṣẹ́ abẹ yóò ṣí i. Iye tó dá fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá owó inú ògiri lọ tán. Màámi yarí.

"Bí òrùlé bá wá ń jò ńkọ́?"

"Kó máa jò," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Ẹ̀yin lẹ ó kọ́kọ́ rí i."

Ó sì jò lóòótọ́. Lọ́jọ́ òjò ńlá àkọ́kọ́ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà, ẹ̀gbọ́n mi tẹ orí mọ́ ìránṣọ, kò mọ nǹkan kan. Màámi ló kígbe láti orí ibùsùn rẹ̀, ní òdìkejì ọ̀nà àárín ilé:

"Kọ́kọ́kọ́! Dìde níbẹ̀ o, ó ń kán sórí ẹ̀rọ rẹ! Mò ń wò ó láti ibí!"