Ernestine Bitsilly Kò Gbà Kí Ọmọ Rẹ̀ Lọ sí Òṣùpá

Bí ẹ bá bi èèyàn mẹ́wàá ní ìlú Lukachukai pé irú èèyàn wo ni Ernestine Bitsilly, mẹ́sàn-án á rẹ́rìn-ín, ẹnì kẹwàá á kọ́kọ́ wẹ̀yìn wò kó tó fèsì. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ló fi wa ọkọ̀ àwọn ọmọ iléèwé lójú ọ̀nà eléruku pupa yẹn, kò sì sí ọmọ tó gbójú tó láti gbé ẹsẹ̀ lé ẹ̀yìn àga rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí òṣùpá bo oòrùn lójú, ńṣe ló dá ọkọ̀ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, tó ní kí gbogbo ọmọ mọ́kànlélọ́gbọ̀n tẹrí ba. Ó gbúròó ẹnì kan tó ń jẹ ọ̀dùnkún díndín wómúwómú lẹ́yìn.

"Ìwọ! Tu ú dà nù!" ni Ernestine jágbe. "Àwọn àgbà méjì ń sọ̀rọ̀ lókè, ìwọ ń jẹun? Ta ló kọ́ ẹ nílé?"

Ọ̀gá iléèwé kọ̀wé bá a wí pé ó pẹ́ dé. Ìwé yẹn ló fi ṣáná sí ààrò lọ́jọ́ náà. Ẹ̀bi wo ló jẹ? Lọ́dọ̀ àwọn Diné, ìyẹn ẹ̀yà Ernestine, àwọn tó ti wà nílẹ̀ ibẹ̀ kí òyìnbó tó dé, àgbà ni oòrùn, àgbà ni òṣùpá, èèyàn kì í sì í hùwàkiwà níṣojú àgbà.

Ọmọ kan ṣoṣo ló bí. Delbert ni wọ́n sọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká máa pe orúkọ yẹn mọ níwọ̀n, torí pé ẹni tó bá ti kú nílẹ̀ ibẹ̀, wọn kì í pè é mọ́. Delbert kàwé, ó mọ ẹ̀rọ tún ṣe, ó lọ ń gbé ní Denver, ó fẹ́ Paige, ọmọbìnrin òyìnbó kan tó rọra ń sọ̀rọ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni ọkàn rẹ̀ dáṣẹ́ sílẹ̀ níbi iṣẹ́. Ẹni ọdún mọ́kànlélógójì péré ni. Paige pe ìyá ọkọ rẹ̀, ó sọ fún un, ó sì ní òun máa sun òkú náà.

Ernestine ṣe ohun tí ìyá rẹ̀ ṣe, tí ìyá ìyá rẹ̀ ṣe. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni kò fi dárúkọ ọmọ rẹ̀, kò ké, kò yọjú sí àlejò. Ó pa fóònù, ó sọ ọ́ sísàlẹ̀ àpótí aṣọ. Nígbà tó wẹ̀ tán lálẹ́ ọjọ́ kẹrin, tó wá tan fóònù ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, iṣẹ́ mọ́kànlá ló bá nínú rẹ̀, Paige ló rán gbogbo wọn. Ó sọ pé iléeṣẹ́ kan wà tó ń fi rọ́kẹ́ẹ̀tì gbé eérú òkú lọ sínú òṣùpá, pé ìwọ̀n ṣíbí tíì kan nínú eérú Delbert máa bá wọn lọ, á sì wà níbẹ̀ títí ayé. Èyí tó kẹ́yìn ló wá burú jù: "Mọ́mì, ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n fẹ́ gbọ́ èsì. Bí mi ò bá gbúròó yín títí di ìgbà náà, màá gbà pé ẹ fara mọ́ ọn."

Ọjọ́ Ẹtì ti kọjá. Àwa máa ń sọ pé ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Àwọn Diné ò ní òwe yẹn. Ní tiwọn, ẹni tó dákẹ́ lórí òkú ló bọ̀wọ̀ fún òkú. Ọ̀wọ̀ yẹn gan-an ló sì fẹ́ sọ ọmọ Ernestine di èrò òṣùpá.

Inú bí i débi pé ó fi igbe pe gbogbo ẹbí. Lavonne àbúrò rẹ̀ sáré dé, ẹbí kún ilé.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò gbọ́dọ̀ gbà!" ni Lavonne wí. "Kí aláboyún gbójú sókè, òkú! Kí darandaran gbójú sókè, òkú! Èèwọ̀ ni!"

"Èèwọ̀ ni!" ni gbogbo ilé gbè é lẹ́sẹ̀.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ Ajé tó mọ́ dáadáa, Ernestine ti ki ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó forí lé Denver. Wákàtí mẹ́jọ ló fi wà á, kọfí nìkan ló mu. Ó ń bú Paige láti ìlú dé ìlú, ó sì ń bú ẹni tó ṣe rọ́kẹ́ẹ̀tì.

Paige ṣílẹ̀kùn, ojú rẹ̀ wú. Ó fẹ́ dì mọ́ ọn. Ernestine yà fún un.

"Mọ́mì, ẹ kú ọ̀nà. Delbert ì bá ti—"

"Má pè é!"

"Ọkọ mi ni, Mọ́mì."

"Mo ní má pè é! Òkú ọmọ mi ò tíì tutù, o ti ń wá ẹni tó máa sọ ọ́ sójú ọ̀run!"

"Mo ránṣẹ́ sí yín nígbà mọ́kànlá."

"Ṣé ìgbà tí mò ń ṣọ̀fọ̀ ni kí n máa gbé fóònù? Ṣé o ò lójú àánú ni?"

"Ta ló sọ fún mi pé ẹ kì í gbé e?" Ohùn Paige náà ti ń le. "Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi jẹ́ ìyàwó ilé yín. Ẹ ò sọ fún mi rí. Delbert náà ò sọ."

Òótọ́ ni, ó sì dun Ernestine. Paige mú ìwé kan jáde láti inú dúrọ́ọ̀. Ernestine mọ ọwọ́ ìkọ̀wé yẹn bó ṣe mọ ojú ara rẹ̀. Delbert fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́, lọ́dún méjì sẹ́yìn: bí òun bá kú, kí wọ́n bá òun fi díẹ̀ nínú eérú òun ránṣẹ́ sí òṣùpá.

Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Gbogbo ẹni tó ti ń bú bọ̀ láti Lukachukai, kò sí ìkankan tó jẹ̀bi mọ́. Ìbínú náà kò sì lọ.

"Delbert!" Ó pe orúkọ náà, ó tún pè é. "Delbert Bitsilly! Ta ló fún ẹ lóṣùpá? Baba ẹ ló ni ín ni? Èmi tí mo fi ọwọ́ ara mi bò ẹ́ lójú nígbà tó o wà ní kékeré, pé má wo àgbà báyẹn! Gbogbo ayé ló ń wò ó! Ṣé ẹ̀yin ọlọ́gbọ́n ò rílẹ̀ sin ara yín sí mọ́ ni?" Omijé ń bọ́, ó ń fi apá aṣọ nù ún bí ẹni tó ń lé eṣinṣin.

Paige dúró títí ó fi dákẹ́.

"Ọ̀la ni wọ́n ń bọ̀ wá gbé e," ló wí. "Bí mi ò bá fún wọn, kò lọ. Ó dáa. Ibo lẹ máa gbé e lọ?"

Ernestine bojú wo ọkọ̀ rẹ̀ níta. Kò sí ẹni tó ń gbé òkú wọlé nílẹ̀ wọn, wọn kì í bá a wọ ọkọ̀ kan náà. Ní gbogbo wákàtí mẹ́jọ yẹn, òṣùpá ló ń bá jà. Kò ronú ibòmíràn.

"Ẹ ò fẹ́ ẹ lókè, ẹ ò sì fẹ́ ẹ lọ́dọ̀ yín," ni Paige wí. "Àbí kí n máa fi báàgì gbé e kiri?"

"Gbé e wá," ni Ernestine wí. "Gbogbo ẹ̀. Mi ò bí ààbọ̀ ọmọ."

Paige lọ gbé ìkòkò eérú náà wá. Bó ṣe ń gbé e lé Ernestine lọ́wọ́, kò tíì jù ú sílẹ̀. "Ohun kan ṣoṣo tó bẹ̀ mí nìyí. Mò ń gbé e fún yín torí pé ìyá ẹ̀ ni yín. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé ẹ já mi lólè."

"Mo mọ̀," ni Ernestine fèsì.

Nígbà tó dé Lukachukai ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, àwọn ẹbí tó pariwo èèwọ̀ ti tò sí òdìkejì ọgbà. Kò sẹ́ni tó sún mọ́ ọkọ̀.

"Ṣé ó wà níbẹ̀?" ni Lavonne béèrè láti òkèèrè.

"Ó wà níbẹ̀. Ta ló máa bá mi gbẹ́lẹ̀?"

Lavonne ju ṣọ́bìrì kan kọjá ọgbà, ó sì padà sẹ́yìn. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Àwọn ọmọ-ọmọ mi wà nílé."

"Ẹ ní kí n má gbà! Gbogbo yín lẹ ní kí n má gbà! Ẹnu nìkan lẹ ní!"

Ó mú ṣọ́bìrì. Ó wa ọkọ̀ lọ jìnnà sí ilé èèyàn, lẹ́bàá àpáta, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́lẹ̀ nínú oòrùn, pẹ̀lú orúnkún rẹ̀ tó ń ro ó. Ilẹ̀ le. Ó gbẹ́, ó sinmi, ó tún gbẹ́, títí kòtò náà fi kan itan rẹ̀. Ó gbé ọmọ rẹ̀ sínú rẹ̀, ó fi ọwọ́ wa iyẹ̀pẹ̀ bò ó, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"O fẹ́ lọ, mi ò jẹ́ kó o lọ," ló wí. "Bínú sí mi. Èmi náà ń bínú sí ẹ."